Agolo Tí Kì Í Ṣe Títà

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe òǹtajà ní ilé iṣẹ́ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ọ̀kan ní Ìkìrun, ọ̀kan ní Inísà, ọ̀kan ní Òkukù. Bí mo bá máa sọ òtítọ́, ọdún kan péré ni mo fi ta ọjà níbẹ̀. Ìyókù, irọ́ ni mò ń tò sórí pẹpẹ.

Inísà ni wọ́n ti gbà mí síṣẹ́. Mo ti jáde girama, mo ti ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì, kò bọ́ sí i. Tíṣà ni bàbá mi, wọ́n tún jẹ́ díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, wọn ò sì fẹ́ rí mi kí n máa jókòó nílé. Wọ́n ní ọmọ tó bá jókòó sílé, oúnjẹ ló máa ń kà. Ọjọ́ tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ dé, bàbá mi kà á sókè létí ìyá mi, wọ́n tún un kà, wọ́n wá fi í sáàárín Bíbélì wọn bí ẹni pé orí kan ni nínú rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ó pọ̀ jù. Nígbà náà, ṣọ́ọ̀bù wa jẹ́ ohun àmúyangàn. Ilẹ̀kùn rẹ̀ onígíláàsì ni. Fáànù mẹ́rin ló ń yí lókè. Èèyàn á mú agbọ̀n kékeré lẹ́nu ọ̀nà, á máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ohun tó bá wù ú lórí pẹpẹ, kò sẹ́ni tó máa bá a na ọjà. Àwọn ìyá àgbà tó ń bọ̀ láti oko a máa bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó tẹ ilẹ̀ tá-ì-lì wa. Gáùn àwọ̀ ewé tó ní kọ́là funfun ni yunifọ́ọ̀mù. Àràárọ̀ ni mò ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ tèmi, tí mo bá sì wọ̀ ọ́ gba àdúgbò kọjá, mo mọ̀ pé wọ́n ń wò mí.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n gbé mi lọ sí Ìkìrun, níbi tí ṣọ́ọ̀bù tó tóbi jù wà. Mò ń ti ilé bàbá mi ní Inísà wọ bọ́ọ̀sì lọ láràárọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí.

Àǹtí ti lé ní ogójì ọdún. Ọkọ wọn ti kú, ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ń tọ́. Àwọn ni òǹtajà àkọ́kọ́ tí Alága gbà lọ́jọ́ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Alága ni à ń pe ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà. Ìbàdàn ló ń gbé, a kì í sábà rí i ju ìgbà Kérésì àti Iléyá lọ. Àǹtí ló kọ́ mi níṣẹ́. Wọ́n kọ́ mi pé agolo tó ti pẹ́ ni kí n máa fà síwájú, kí tuntun wà lẹ́yìn. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń di ẹyin sínú ìwé ìròyìn tí kò fi ní fọ́ dé Eko Ende, ìlú kékeré tó wà lẹ́bàá Ìkìrun. Bí obìnrin kan bá wọlé, wọ́n á ti béèrè ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe òtútù lọ́sẹ̀ tó kọjá kí wọ́n tó béèrè ohun tó fẹ́ rà. Kì í ṣe ọgbọ́n ọjà. Wọ́n rántí ni.

Ìgbà tí Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ náírà di yẹpẹrẹ, wá le, ọjà tó ń dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ di èyí tó ń dé lóṣooṣù, ó sì tún di ìgbà tí ó bá wu awakọ̀. Gbogbo ìlú ló ń ké nígbà náà, mi ò ní sọ pé àwa nìkan ni. Ohun tó ń bí mi nínú títí di òní kì í ṣe pé ọjà wọ́n. Ohun tí wọ́n fi wá ṣe nígbà tí ọjà wọ́n ni.

Alága rán máníjà tuntun sí wa, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ọkùnrin tí kò tíì pé ọdún márùndínlógójì. Òun ló ń ṣàkóso ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjọ́ kejì tó dé, ó kó gbogbo àpótí tí a ń jókòó lé kúrò lẹ́yìn káńtà. Ó ní òǹtajà tó bá jókòó, oorun ló ń tà. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, a wà lórí ìdúró, ní ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà mẹ́wàá lè má wọ̀ lóòjọ́. Tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ Àǹtí á ti wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan lé orí èkejì, wọ́n á tún pààrọ̀ rẹ̀. Mo bẹ máníjà nígbà kan pé kó jẹ́ kí àwọn nìkan jókòó. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ìwọ ni agbẹjọ́rò rẹ̀ ni?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Ṣùgbọ́n àpótí kọ́ ló dùn mí jù. Ó ń pe Àǹtí ní "ìwọ." Ní ìlú tiwa, ẹni tó bá fi ọdún kan jù ọ́ lọ, "ẹ" ni wàá fi bá a sọ̀rọ̀, bí o bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Obìnrin tó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà ni. "Ìwọ, gbá ibí." "Ìwọ, kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Àǹtí á ní, "Ẹ má bínú, sà." Ẹni tó bá ń ka èyí á ti rí i pé "wọ́n" ni mò ń pe Àǹtí, "ó" ni mò ń pe máníjà àti Alága. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Nígbà tí pẹpẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo, máníjà kọ́ wa bí a ṣe ń tò ó. Ìlà agolo kan ṣoṣo síwájú, páálí òfìfo lẹ́yìn rẹ̀, kí ó lè dà bí ẹni pé ó kún dé ògiri. Agolo mílíìkì òfìfo tí àwọn tó ń ta tíì bá jù nù, ó ní kí a ṣà wọ́n, kí a fọ̀ wọ́n, kí a yí ojú tí wọ́n lu sẹ́yìn. Èmi ọmọ tíṣà, mò ń ṣa agolo nídìí ààtàn pẹ̀lú gáùn àwọ̀ ewé mi.

Lẹ́yìn náà ló kó wa jọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ó ní àlejò pàtàkì kan ń bọ̀ láti Èkó, ẹni tó fẹ́ fi owó kún iṣẹ́ Alága, tí ṣọ́ọ̀bù á fi tún padà bọ̀ sípò. Kò tíì mọ ọjọ́, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ọjọ́kọ́jọ́. Nítorí náà, láti ọjọ́ yẹn lọ, gbogbo agolo tó wà níwájú pẹpẹ kì í ṣe títà.

Àǹtí béèrè pé, "Kí ni ká wá máa tà, sà?"

Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé ọjà ń bọ̀ lọ́nà."

Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù tí kì í ta ọjà! Èèyàn á wọlé, á rí agolo tòmátò pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, á nawọ́ sí i, àwa á sáré ní ẹ má fọwọ́ kàn án. Bàbá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, bi mí bóyá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni a sọ ibẹ̀ dà. Obìnrin kan ní a ti ń kó ọjà pamọ́ kó lè wọ́n sí i. Ó ṣépè fún mi, ó fi ìyá mi kún un. Máníjà wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́yìn, fáànù ń fẹ́ ẹ, ó ń gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì òfin yẹn ni ọkùnrin ará Eko Ende wọlé. Ọ̀dọ́ àgbẹ̀ ni, ẹgbẹ́ mi ni. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó lọ tààrà síbi tí agolo wàrà ọmọdé mẹ́fà wà.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní méjì."

Mo ní, "Kì í ṣe títà, sà."

"Èló ni?"

"Mo ní kì í ṣe títà."

Ó rò pé aṣọ ọrùn òun ni mò ń wò. Ó ṣí fìlà, ó mú owó tó ká sínú rẹ̀ jáde, ó tẹ́ ẹ sórí káńtà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Owó rèé, ẹ̀gbọ́n." Èmi ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pè ní ẹ̀gbọ́n. "Ìyàwó mi bímọ, ọjọ́ kẹfà rèé. Ara rẹ̀ ò yá, omi ọyàn ò wá. Nọ́ọ̀sì ní kí n wá wàrà alágolo. Mo ti yí gbogbo ọjà Ìkìrun po, kò sí. Omi ṣúgà ni ọmọ ń mu láti àná."

Agolo mẹ́fà náà wà lójú wa báyìí, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kún, kì í ṣe ti ààtàn. Mo ní kó má bínú. Mo tún un sọ. Ẹnu mi ló ń sọ ọ́, mò ń gbọ́ ọ bí ohùn ẹlòmíràn.

Àǹtí ti gbọ́ láti ìdí káńtà kejì. Wọ́n wá, wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n mú agolo méjì, wọ́n fi etí gáùn wọn nu eruku orí rẹ̀, wọ́n kọ rìsíìtì, wọ́n gba owó, wọ́n fi sínú dúróò. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí omi hó dáadáa, kó tutù díẹ̀, kí ẹ tó pò ó. Ẹ fọ ṣíbí náà pẹ̀lú omi gbígbóná." Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí tá-ì-lì. Àǹtí ní kó dìde kí ó máa sáré lọ, ọmọ ń dúró.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni máníjà dé. Ó rí àlàfo náà kíá, bí ẹnu ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká eyín.

"Ta ló mú agolo níbí?"

Àǹtí ní, "Èmi ni, sà. Mo tà á ni. Rìsíìtì rèé, owó rẹ̀ wà nínú dúróò."

"Ta ló ní kí o tà á?"

"Ọmọ ọjọ́ mẹ́fà ló ní kí n tà á, sà."

Oníbàárà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀rín yẹn ló bá ọ̀ràn jẹ́. Máníjà yíjú sí mi.

"Ìwọ, ṣé o sọ fún un pé kì í ṣe títà?"

Mo ní, "Mo sọ fún un, sà."

Oníbàárà ni mo ní lọ́kàn, ọkùnrin ará Eko Ende. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé mi ò lè pe Àǹtí ní "un" láé. "Mo sọ fún wọn" ni ǹ bá wí. Máníjà náà gbọ́ Yorùbá. Ó mọ̀ dájú. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wá ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ó pariwo, "Ẹ gbọ́! Ọmọdé kìlọ̀ fún un, ó kọtí ikún! Ẹni tó bá mú ohun tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ mú, kí là ń pè é? Olè ni! Olè ni ìwọ obìnrin yìí!"

Àǹtí wò mí. Wọ́n ń dúró. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ: "Oníbàárà ni mo sọ fún, sà." Mo ti lá ètè mi. Mo rántí bàbá mi àti ìwé tó wà nínú Bíbélì. Mo wolẹ̀.

Ó lé wọn níbẹ̀ yẹn. Ó ní kí wọ́n bọ́ yunifọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Gáùn nìkan ni Àǹtí wọ̀ wá lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ṣẹ́mìísì lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n lọ sẹ́yìn páálí òfìfo, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n nà án jáde. Obìnrin kan nínú àwọn oníbàárà, ẹni tí mi ò mọ̀ rí, tú ìró òkè rẹ̀, ó gbé e fún wọn láti ẹ̀gbẹ́ páálí. Èmi tí wọ́n kọ́ níṣẹ́, mi ò mira.

Inú mi kò tíì rọ̀ sí ara mi lórí ọjọ́ yẹn.

Bí ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin ará Eko Ende padà wá. Iṣu mẹ́rin ló rù, iṣu ńlá tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló máa jẹ ẹyọ kan tí á ṣẹ́ kù. Ó béèrè obìnrin tó ta wàrà fún un. Ó ní ọmọ ti ń mu ún dáadáa, ìyá ọmọ náà ti dìde. Kí n tó lanu, máníjà ti jáde sí i. Ó ní obìnrin náà kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Ó ní kó gbé iṣu náà sílẹ̀, àwọn á fún un. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó lọ. Máníjà ní kí n bá òun gbé e. Mo bá a gbé e. Ó ṣí búùtù ọkọ̀ rẹ̀, ó kó iṣu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, ó pa á dé, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ọjọ́ náà ni nǹkan kan le nínú mi bí ẹ̀kọ tó ti dì.

Àlejò wá dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, máníjà ti mọ̀ pé iye agolo tó wà kò lè tó ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Ohun tó ṣe nìyí: ó kó gbogbo ọjà gidi tó wà ní Inísà àti Òkukù wá sí Ìkìrun. Ó ti mọ ètò ìrìn wọn: Alága á kọ́kọ́ mú àlejò dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn náà, wọ́n á lọ jẹun ní ilé ẹbí Alága nínú ìlú, kí àwa lè fi bọ́ọ̀sì kó ọjà kan náà sá lọ sí Inísà, kí a tò ó síbẹ̀. Tí wọ́n bá sì kúrò ní Inísà, Alága á mú àlejò kí àwọn àgbà kan, kí àwa lè kó o dé Òkukù.

Òǹtajà márùn-ún la kù ní ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwa márààrún la gbé e. Páálí wàrà, páálí ọṣẹ, ti tòmátò, ti sádìn-ìnì. A sọ̀ wọ́n kalẹ̀ lórí pẹpẹ ní Ìkìrun, a gbé wọn sórí, a kó wọn sínú bọ́ọ̀sì, a jókòó lé wọn lórí. Ní Inísà, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn la gbà wọlé. Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan ń ta gàrí ní òdìkejì.

Wọ́n ké sí mi pé, "Ọmọ tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà ti dé nìyẹn!"

Mo ní, "Ó ti dé, mà."

Kò pé wákàtí kan àbọ̀ lẹ́yìn náà tí wọ́n tún rí mi, tí mo ru páálí kan náà jáde.

"Ẹ̀ ń kó o wọlé ni àbí ẹ̀ ń kó o jáde?"

Mo gbé páálí mi kọjá. Mo gbọ́ tí wọ́n pòṣé.

Nígbà tí a dé Òkukù, ọrùn mi ti wọnú èjìká. A ò tíì tò ó tán tí ọkọ̀ Alága fi dúró níta. Àlejò náà jẹ́ àgbàlagbà ọkùnrin kan tó wọ dàńṣíkí lásán, ó ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀. Ó wọlé, ó wò yíká. Èmi ló sún mọ́ ọn jù.

Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ọjà ń tà?"

Máníjà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ojú bá mi sọ̀rọ̀. Mo rò ó pé kí n ní ó ń tà. Iṣu mẹ́rin nínú búùtù ni mo rí.

Mo ní, "Kò tà, sà. Kò sí ohun tí a fẹ́ tà. Agolo tí ẹ rí ní Ìkìrun láàárọ̀, òun lẹ rí ní Inísà, òun náà lẹ̀ ń wò yìí. Orí wa ló gùn dé ibí. Máníjà sì lé ìyá kan lẹ́nu iṣẹ́, ó pè wọ́n ní olè, nítorí pé wọ́n ta méjì nínú rẹ̀ fún ọmọ tí ebi ń pa."

 Mo fi ọwọ́ há abíyá.

Àlejò náà kò bínú. Ó fi orí ọ̀pá rẹ̀ kan páálí kan tí igun rẹ̀ ti ya. "Mo rí eléyìí ní Ìkìrun," ó wí. "Mo tún rí i ní Inísà. Ẹnu yà mí, ni mo bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe wàrà ni mo wá wò, ọmọ mi. Ògiri ni mo wá wò." Ó kọjá lára wa, ó lọ fi ìka kan ògiri. Ó béèrè lọ́wọ́ Alága bóyá bùlọ́ọ̀kù náà le, bóyá omi òjò kì í wọlé, nítorí pé símẹ́ńtì kò fẹ́ omi.

Alága ti ta ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ náà ní Ìbàdàn tipẹ́. Ibi tí wọ́n á máa kó símẹ́ńtì sí ni.

Alága wá yíjú sí máníjà. "Ta ló ní kí ẹ máa kó ọjà kiri? Ṣebí mo ní àlejò ń bọ̀ wá wo ilé, kí ẹ gbá ilẹ̀?"

Máníjà ní, "Mo rò pé... ẹ ní wọ́n fẹ́ fowó sí i, sà..."

"Sínú ilé! Ilé ni mo ní!" Alága rẹ́rìn-ín sí àlejò bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì nítorí ọmọ tó tọ̀ sílé. Wọ́n bá iṣẹ́ wọn lọ. Kò wojú wa. Kò sọ fún wa pé iṣẹ́ ti parí, ìgbà tí wọ́n ń wọn fèrèsé ni a mọ̀.

Máníjà jókòó lórí páálí ọṣẹ, ó di orí mú. Òun náà kò mọ̀ pé a ti ta iṣẹ́ mọ́ òun nídìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n má wí nǹkan kan, pé ó ti tó o. Àánú rẹ̀ kò ṣe mí. Mo jáde, mo wọ bọ́ọ̀sì èrò tó ń lọ sí Ìkìrun.

Ilé Àǹtí kò jìnnà sí ibùdó rélùwéè. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ nígbà tí mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí Alága ti ní ilẹ̀ gbígbá ni òun ní kí wọ́n gbá, ọwọ́ wọn dúró.

"Ilẹ̀ gbígbá?"

"Ilẹ̀ gbígbá ni, mà."

Wọ́n ṣa òkúta kan jù nù. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Ọjọ́ tó bi ọ́ léèrè, o mọ̀ pé kì í ṣe èmi lo sọ fún."

"Mo mọ̀, mà."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má lé mi."

"Wọ́n wá ti lé ọ báyìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọn ò ní kí n dìde. Wọ́n bi mí nípa ọmọ náà, mo ní ó yè, ìyá rẹ̀ yè, bàbá rẹ̀ gbé iṣu mẹ́rin wá. Mo sọ ibi tí iṣu náà wọ̀. Ìgbà yẹn ni Àǹtí fò dìde tí ẹ̀wà dànù. Wọn ò sunkún nígbà tí wọ́n pè wọ́n lólè, wọn ò sunkún nígbà tí wọ́n bọ́ gáùn. Iṣu yẹn ló mú wọn sunkún. "Iṣu mi! Ẹnì kan rántí mi láti Eko Ende, ó ru iṣu wá fún mi, ẹ jẹ ẹ́ mọ́ mi lórí!" Mo sunkún pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ìbínú ló pọ̀ jù nínú tèmi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wé gèlè, wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn. Máníjà ń kó ìwé rẹ̀ sínú àpò nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí dúró sẹ́nu ọ̀nà onígíláàsì, wọ́n pe ayàwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n pe télọ̀ tó wà lókè. Wọ́n ní kí n sọ ọ́.

Mo sọ ọ́ sókè: "Oníbàárà ni mo sọ fún, kì í ṣe Àǹtí. Àǹtí kì í ṣe olè. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì dákẹ́."

Àǹtí yíjú sí máníjà. "Ìwọ ńkọ́?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Ohùn rẹ̀ kò jáde tán. Àǹtí ní òun ò gbọ́. Ó tún un wí.

Èèyàn méjì péré ló gbọ́ ọ, ayàwòrán àti télọ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ olè ti yí gbogbo Ìkìrun ká. Àǹtí wá iṣẹ́ ní ìlú náà fún oṣù méje, wọn ò rí. Wọ́n kó àwọn ọmọ wọn lọ bá àbúrò wọn ní Ọ̀fà, wọ́n sì ń dáná ní ilé ìwé kan níbẹ̀. Èmi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo di tíṣà bíi bàbá mi. Mo máa ń lọ kí Àǹtí. Wọ́n máa ń gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọ́ rí pé àwọn ti dárí jì mí, èmi náà ò béèrè.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, mò ń bọ̀ láti Òṣogbo nínú bọ́ọ̀sì. Bí a ṣe kọjá níwájú ilé náà ní Ìkìrun, tí wọ́n ń já símẹ́ńtì níbẹ̀, obìnrin kan lẹ́yìn mi ń sọ fún èkejì pé ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn òǹtajà ló ń jí ọjà rẹ̀ títí tó fi kú, pé obìnrin kan tilẹ̀ wà tó ń jí wàrà ọmọdé. Mo yíjú pátápátá lórí ìjókòó mi. Mo ní irọ́ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sọ ti àpótí, ti agolo, ti ọmọ ọjọ́ mẹ́fà, ti iṣu, ti ògiri. Obìnrin náà ní, "Ẹ má bínú, mà, ohun tí a gbọ́ náà ni." Mi ò dákẹ́. Awakọ̀ dín rédíò kù. A dé Inísà, ó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀, mo ṣì ń sọ̀rọ̀, ni mo bá wọ̀ ọ́ dé Òkukù.